Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí: bí ẹni tí ìfun ń dà láàmú ṣe lè máa sáré gun òkè Dassa

Ní Dassa-Zoumè, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré ní ìdájí kí oòrùn tó mú, àwọn onígbàgbọ́ tó ń wá síbi ihò Màríà ní Arigbo lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, gbogbo wọn ló nílò ẹsẹ̀ àti èémí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń dá eléré dúró, tí kì í ṣe ẹsẹ̀, tí kì í sì í ṣe èémí. Ìfun ni. Ẹnu sì máa ń wúwo láti sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. A ò ní fi bò. Àrùn kan wà tó máa ń mú kí ìfun wú, kó pọ́n, kó ní egbò, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ fún oṣù, àní fún ọdún. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Wọ́n ń pe èkínní ní Crohn, láti ara orúkọ Burrill Crohn, dókítà ará Amẹ́ríkà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1932. Èyí lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Èkejì, ìfun ńlá nìkan ló ń bá jà. Àwọn dókítà wa ní Benin ń pè é ní rectocolite, àwọn ti Nàìjíríà ń pè é ní ulcerative colitis. Àrùn kan náà ni.

Inú ara wa ni àwọn ọmọ ogun wà tó ń bá kòkòrò jà. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun náà kọjú ìjà sí ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Wọn ò sì dákẹ́ bọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ò tíì rí ìdí rẹ̀ fi ọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó máa ń wà nínú ìdílé mìíràn, wọ́n sì mọ̀ pé sìgá mímu máa ń mú kí Crohn le sí i. Kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan náà. Kì í ṣe ọ̀tá ló fi ránṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú

Láti Dassa dé Kétu, títí dé Ìbàdàn, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ tó kọ́kọ́ ń wá sí i lẹ́nu. Wọ́n á ní ṣúgà ló lá jù. Wọ́n á ní kó jáwọ́ nínú ohun dídùn, kó lọ ra àgbo. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí ló sì jẹ́ èyí tó ń múni yàgbẹ́, òmíràn wà tó jẹ́ pé sodabi ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ní egbò, tó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, tí a tún wá fún ní ohun tí yóò mú un yà sí i, ẹ rò ó wò.

A ò bú àwọn alágbo o. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ líle sábà máa ń wá láti ara iṣan ìdí tó wú. Ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí kì í jí ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru láti lọ yàgbẹ́. Kì í mú ènìyàn rù. Kì í mú oríkèé ara dunni, kì í sì í fa egbò sẹ́nu. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí ohun kan tó ń yọ̀ bí ikun imú, tí aṣọ ń tóbi síni lára, tí àárẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn gun òkè tó ń gùn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àgbo.

Àwọn dókítà fúnra wọn pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé kì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Lónìí, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà àti káàkiri Áfíríkà ń rí i, wọ́n sì ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Ohun tó mú kó ṣòro láti mọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé àwọn àrùn mìíràn jọ ọ́: ìgbẹ́ ọ̀rìn, àmíbà, aràn tí a ń kó nínú odò, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ inú ìfun. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló léwu jù láti ṣì mú. Oògùn tó ń rọ Crohn lójú máa ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara sinmi. Bí a bá fún ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ìfun ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ ìgbẹ́ wò, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wọ inú ìfun, kó gé ẹran ara bíńtín níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ojú máa ń tini láti gbà fún kámẹ́rà yìí. Ṣùgbọ́n láìsí i, dókítà ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn.

Àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Manchester United, ẹ ó rántí Darren Fletcher, ọmọ Scotland tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àárín pápá. Lóṣù Kejìlá 2011, ẹgbẹ́ náà kéde pé ó ń lọ sinmi nítorí ulcerative colitis. Kó tó di ìgbà náà, ó ti ń fi àìsàn náà pamọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó padà sórí pápá ní 2012, àrùn náà tún dá a dúró. Lóṣù Kìíní 2013 ó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko kó tó tún wọ aṣọ United nínú ìdíje, lóṣù Kejìlá ọdún kan náà. Nígbà tó kúrò lọ sí West Bromwich Albion ní 2015, wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀. Agbábọ́ọ̀lù àárín, ẹ mọ̀ pé òun ló ń sáré jù lórí pápá.

Steve Redgrave tún wà, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1984 àti 1988. Ní 1992 ni ulcerative colitis mú un, síbẹ̀ ó gba wúrà lọ́dún náà ní Barcelona. Ó tún gbà á ní 1996. Ní 1997 àìsàn àtọ̀gbẹ tún wá dé, ó sì tún gba ìkarùn-ún ní Sydney ní 2000, lẹ́ni ọdún méjìdínlógójì. Ìtukọ̀ onígba mítà mẹ́wàá, ìyẹn 2,000 mítà, kì í ṣe eré ọmọdé. Kathleen Baker, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń lúwẹ̀ẹ́, ti ní Crohn láti ìgbà ọmọdé. Ó gba fàdákà ní Rio ní 2016 nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn 100 mítà, ó gba wúrà pẹ̀lú ikọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di 2018, ó lúwẹ̀ẹ́ náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 58.00, tí ẹnikẹ́ni ò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ìdánrawò tirẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ jù, àrùn náà á ru.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: àwọn wọ̀nyẹn ní dókítà nítòsí, wọ́n ní owó, ilé ìgbẹ́ sì wà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá yà sí. Òótọ́ ni. Àwa ò ní ìyẹn lórí òkè Dassa. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí wọ́n ṣe tí kò gba owó púpọ̀: wọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ àrùn náà, wọ́n sì dúró nígbà tó ru.

Bí a ṣe ń sáré pẹ̀lú rẹ̀

Àrùn yìí ní ìgbà tó ń ru àti ìgbà tó ń rọlẹ̀. Nígbà tó bá ru, tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, tí ibà wà níbẹ̀, eré sísá ti di èèwọ̀. Ìsinmi ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi agídí lé e lọ, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ló ń ná. Nígbà tó bá rọlẹ̀, ó yàtọ̀. Àwọn dókítà gbà pé eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n kì í ta àrùn náà jí, ó sì ń ṣe egungun lóore. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àrùn náà àti oògùn cortisone tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ máa ń sọ egungun di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú àìsàn, kó máa rìn ná. Kó rìn yí ẹsẹ̀ òkè kan ká, kó padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa sá díẹ̀, kó máa rìn díẹ̀. Ìwọ̀n tó dára ni èyí tí èèyàn fi lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Nígbà tí a bá ń sáré kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ìfun sílẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi ń run àwọn eléré tí ara wọn dá ṣáṣá pàápàá. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ní egbò tẹ́lẹ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀ jù. Òkè gígùn kíákíá, òun ni kó kẹ́yìn nínú ìgbáradì.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe pàtàkì ju bàtà lọ. Dípò kéèyàn gba ọ̀nà oko lọ tààrà fún kìlómítà mẹ́wàá, kó máa yí kìlómítà méjì po lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ilé tàbí ilé ìgbẹ́ ojúlùmọ̀ má jìnnà. Kó mú omi àti aṣọ kékeré dání. Kó sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń sáré. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, “ìfun mi ò dáa, mo lè yà lójijì,” ó sì máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ irọ́ tó pọ̀.

Oòrùn wa tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìfun ńlá ni láti gba omi àti iyọ̀ padà sínú ara. Bó bá ń ṣàìsàn, tàbí tí wọ́n ti gé e kúrò, omi àti iyọ̀ á máa bá ìgbẹ́ lọ, òógùn á tún gba tirẹ̀. Omi nìkan ò tó. Àpò SRO wà nílé ìpoògùn, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ORS. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, tí a rẹ́ orí rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, nínú omi mímọ́ lítà kan. Ẹ má ṣe bù ú lé. Ìdájí ló sì dára láti sáré, nítorí àpáta wa máa ń gba oòrùn pamọ́, títí di alẹ́ ni wọ́n ń mú ooru jáde.

Ní ti oúnjẹ, ara ò dọ́gba. Ẹ̀kọ, ìrẹsì funfun, iṣu sísè, ẹyin àti ẹja máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí àrùn bá ru, àgbàdo sísè, ẹ̀pà àti ata púpọ̀ sì máa ń yọ ìfun ẹlòmíràn lẹ́nu. Kí oníkálùkù ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ ohun tó jẹ sí. Kò sí ìdí láti sá fún gbogbo oúnjẹ títí ayé, torí ebi náà ń mú ènìyàn rù. Kí oúnjẹ sì ti wọlé ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kéèyàn tó sáré.

Oògùn ara ríro la fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Eléré tí ẹsẹ̀ ń dùn, alárù tí ẹ̀yìn ń ro, ìyá ọlọ́jà tó jókòó láti àárọ̀ ní Glazoué, gbogbo wọn ló ń ra ibuprofen àti diclofenac lórí àtẹ. Àwọn oògùn wọ̀nyí lè ta àrùn ìfun yìí jí. Paracetamol ló sàn díẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Àwọn oògùn tó ń rọ àrùn náà lójú kò dọ́gba lówó. Abẹ́rẹ́ ìgbàlódé kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n sulfasalazine àti azathioprine ti pẹ́ láyé, owó wọn sì kéré sí i dáadáa. Sulfasalazine máa ń sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú bí ọsàn. Kí eléré tó ń lò ó má fi àwọ̀ ìtọ̀ wọn bóyá omi ti tán lára òun. Ó tún lè dín àtọ̀ ọkùnrin kù, ṣùgbọ́n ó máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí a bá yí oògùn padà, nítorí náà kí ẹni tó ń wá ọmọ sọ fún dókítà rẹ̀ dípò kó dá oògùn dúró níkọ̀kọ̀. Cortisone ńkọ́? A kì í já a dúró lójijì, ó léwu.

Fún ẹni tó wà ní Dassa, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ, wọ́n á kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ìfun, bíi ti ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Cotonou, nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìlú wa. Kó tó lọ, kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, iye ìgbà tó ń yàgbẹ́ lọ́sàn-án àti lóru, iye kílò tó ti sọnù lára rẹ̀, kó sì mú gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, pẹ̀lú ìgò àgbo náà.