Yíyan sípíkà iwájú fún ríṣífà inú ilé

Sípíkà iwájú ni sípíkà méjì tí ó máa ń wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún amóhùnmáwòrán nínú ètò home theatre. Àwọn ni wọ́n ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin. Ríṣífà ni ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn láti ara amóhùnmáwòrán, fóònù tàbí ẹ̀rọ DVD, tí ó ń pín in sí ọ̀nà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń fún un lágbára kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Bí àwọn méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́. Ọ̀ràn yìí kan ẹni tí ń gbé ní ìlú bí Erúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ju ará ìgboro lọ, nítorí pé Ìbàdàn tàbí ọjà Alaba ní Èkó ni yóò ti rà á, dídá ọjà padà kò sì rọrùn.

Àwọn tí ó ṣáájú kò ní ìṣòro yíyàn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò orí wáyà ní Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, sípíkà ni ó pọ̀ jù nínú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Iléeṣẹ́ ni ó sì ń yan gbogbo rẹ̀ fún onílé.

Ohm

Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni iná tí ríṣífà gbọ́dọ̀ pèsè ṣe máa ń pọ̀ tó, yóò sì máa gbóná sí i. Ẹ̀yìn ríṣífà ni wọ́n máa ń kọ iye tí ó lè gbà sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ láti 6 ohm sókè. Sípíkà 8 ohm kò ní yọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ibi tí ewu wà ni àwọn sípíkà kéékèèké tí ó máa ń bá àpapọ̀ home theatre inú páálí wá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ 3 tàbí 4 ohm, nítorí pé ẹ̀rọ tiwọn nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ẹ̀rọ náà bá kú, tí onílé sì gé ẹnu wáyà láti so sípíkà náà mọ́ ríṣífà mìíràn, ó lè máa dún dáadáa bí ohùn bá wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí àlejò bá kún ilé, tí wọ́n sì gbé ohùn sókè, ni ríṣífà yóò máa pa ara rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ jóná. Bákan náà ni sípíkà àfikún tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: sípíkà 8 ohm méjì tí a so mọ́ ojú kan náà, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ti di 4 ohm, mẹ́rin ti di 2 ohm.

Wáàtì àti dẹ́síbẹ̀lì

Wáàtì ni ọjà fi ń tan ènìyàn jù. Nọ́ńbà ńláńlá tí a kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní ìlànà kan pàtó tí ó dúró lé; RMS ni ó ń sọ iye tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdánudúró. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè wo iye iná tí ẹ̀rọ náà ń fà, tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tí ó ń fa 300 wáàtì kò lè máa bí 5,000.

Èyí tí ó yẹ kí a béèrè kí a tó béèrè wáàtì ni iye dẹ́síbẹ̀lì tí sípíkà ń mú jáde ní ìwọ̀n mítà kan pẹ̀lú wáàtì kan ṣoṣo. Dẹ́síbẹ̀lì mẹ́ta sókè ń béèrè ìlọ́po méjì agbára. Nítorí náà, iṣẹ́ tí sípíkà 87 dẹ́síbẹ̀lì fi 80 wáàtì ṣe, 20 wáàtì ni sípíkà 93 dẹ́síbẹ̀lì yóò fi ṣe é. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ilé tí ó ń lo inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Bí iná bá sì wálẹ̀ gan-an sí abẹ́ 230 fóòtì, ọ̀pọ̀ ríṣífà kì í lè mú agbára wọn jáde tán. Ohùn yóò máa ya, ìyà yẹn ni ó sì máa ń jó sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tínrín.

Yàrá

Pálọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní òòró àti ní ìbú máa ń mú ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tó 47 Hz rinlẹ̀ jù, nítorí pé ògiri méjèèjì ń dá a padà bákan náà. Sípíkà gíga olóhùn ìsàlẹ̀ púpọ̀ yóò máa kùn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Sípíkà kékeré méjì tí ó dára, pẹ̀lú subwoofer tí ń gba ohun tí ó wà lábẹ́ 80 Hz, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé tí ó nípọn yóò dín ìró tí ń ta padà kù, ṣùgbọ́n wọn kò ní mú kíkùn náà lọ.

Àwọn kan rò pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé àmì ohùn Yorùbá, kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tí ó wà lábẹ́ 300 Hz, síbẹ̀ a ń gbọ́ra wa yé lórí rẹ̀. Ẹni tí fíìmù àgbéléwò jẹ lógún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí sípíkà ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́ bí ó ṣe ń lu ìlù.

Tòkúnbọ̀

Sípíkà tòkúnbọ̀ lè jẹ́ èrè ńlá. Etí rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò: fóòmù máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin, rọ́bà a sì máa pẹ́. Bí a bá so ó tán tí ohùn ìsàlẹ̀ kò sì sí, ó lè jẹ́ pé wáyà ọ̀kan ni a yí padà. Bátìrì 1.5 fóòtì tó láti fi dán an wò: bí ojú rere bátìrì bá kan ojú pupa, tí òdì kejì sì kan dúdú, awọ sípíkà ńlá inú àpótí yóò ta síwájú; bí ó bá fà sẹ́yìn, ẹnìkan ti yí wáyà inú rẹ̀ padà.