Láti Orí Títì Ọlọ́dà sí Ojú Ọ̀nà Oníyanrìn: Kẹ̀kẹ́ Gígùn fún Ẹni Tó Ti Lé ní Ogójì Ọdún



Lára àwọn tí ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa, a rí àwọn bàbá tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí títì Èkó sí Àgbádárìgì láti fi ṣe eré ìdárayá. Iṣẹ́ rere ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n ti ń fẹ̀ láti 2009 yìí kò rọrùn fún ẹni orí kẹ̀kẹ́, nítorí tírélà àti dáńfó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àwọn lè pààrọ̀ sí kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí òyìnbó ń pè ní mountain bike, kí wọ́n máa gùn ún láwọn àdúgbò inú Ìba, Ọ̀jọ́ àti Òkòkómáíkò tí kò lọ́dà.

Ó ṣeé ṣe. California ní Amẹ́ríkà ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti gbilẹ̀ lẹ́yìn 1970. Ó sì wọ eré Òlíńpíìkì ní 1996. Àwa kò ní òkè níhìn-ín, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni òkè tiwa. Ṣé Raleigh ni àwọn bàbá wa náà gùn gba ojú ọ̀nà oko? Ohun tí ó yẹ ká mọ̀ ni pé agbára ẹsẹ̀ tí a ti ní lórí ọ̀dà yóò bá wa dé orí iyanrìn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ yàtọ̀. Kí àgbà tún un kọ́ bí ọmọdé.

Táyà: Táyà kẹ̀kẹ́ títì tín-ín-rín, a sì máa ń fẹ́ ẹ le dé nǹkan bíi 80 sí 100 psi. Ti kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá fẹ̀ tó íǹṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀; 25 sí 35 psi tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Atẹ́gùn tó dẹ̀ díẹ̀ ni kì í jẹ́ kí táyà rì sínú iyanrìn. Kí fọkanáísà má fẹ́ ẹ le bíi ti ọkọ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára táyà.

Ara: Lórí ọ̀dà, ìjókòó la fi ń gun kẹ̀kẹ́. Níbi tó ní kòtò, ẹ dìde díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, kí orúnkún àti ìgúnpá tẹ̀, kí wọ́n lè gba ìjàǹbá kòtò náà fún ẹ̀yìn yín. Ẹ wo iwájú, ẹ má tẹjú mọ́ kòtò. Ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó yà. Bíréèkì iwájú tí a bá fà lójijì lórí iyanrìn a máa gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ má wọ inú omi tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọkàn àti òògùn: Iyanrìn máa ń mú kí ọkàn sáré ju ọ̀dà lọ. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ geere lórí kẹ̀kẹ́, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí àyà bá ń dun yín tàbí ojú ń ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo atenolol tàbí propranolol kò gbọdọ̀ fi bí ọkàn ṣe ń lù díwọ̀n agbára rẹ̀, nítorí òògùn náà ń dín in kù. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà kí ó mú dàbínù tàbí gúlúkóòsì dání, nítorí ṣúgà ara lè já wálẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin tó sì fi orí gbálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Ẹ má sì gbé diclofenac mì kí ara má baà ro yín. Ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kò sì dára fún kíndìnrín ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Aṣọ àti egbò: Ẹ dé akoto. Ẹ ká jàlámíà àti híjáàbù gígùn mọ́ra kí ṣéènì má baà gbé e. Bí ẹ bá fara bó, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ má tú lulú inú kapsúlù sójú egbò, kò wúlò níbẹ̀. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ gbà á kẹ́yìn.

Ara yìí, ìfọkàntán ni Ọlọ́run fi sí wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wa kí a tó ra kẹ̀kẹ́, kí owó kẹ̀kẹ́ má baà di owó ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà, kí ó sì dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.