Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Yá Ni Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Lè Gba Ẹlòmíràn Là

Àwọn ẹbí máa ń bi wá pé: bí ẹnìkan bá ṣàìsàn tó sì yá, ṣé wọn ò lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn tí àìsàn kan náà ń bá jà? Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn agbára ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Bí àrùn bá wọ ara, ara a máa pèsè ọmọ ogun tí yóò bá a jà. Inú plasma ni wọ́n ń gbé, ìyẹn omi aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń kù bí wọ́n bá yọ èyí tó pupa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á máa bomi là á: 1 nínú 10, nínú 20, nínú 40, nínú 80. Wọ́n á wá pò ó mọ́ kòkòrò àrùn náà. Bó bá là tó bẹ́ẹ̀, tó ṣì dá kòkòrò dúró, plasma yẹn lágbára.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níbí. Jẹ́dà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò MERS lára aláìsàn kan, ní 2012. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, àwọn oníṣègùn Saudi yẹ ẹ̀jẹ̀ 443 wò: 196 láti ara àwọn tó ní MERS tàbí tí wọ́n fura sí, 230 láti ara òṣìṣẹ́ ìlera, 17 láti ara ará ilé aláìsàn. Àmì ọmọ ogun hàn nínú 12. Nínú 12 yẹn, 9 péré ló dá kòkòrò náà dúró.

Ní Guinea lọ́dún 2015, wọ́n fún àwọn aláìsàn Ebola ní plasma láìtíì wọn agbára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò èsì 84 nínú wọn, kò hàn pé ó dín ikú kù.

Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn ò lo plasma yín, ẹ má bínú, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ yín burú. Ó lè jẹ́ pé àìsàn náà kò le lára yín, tàbí pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti yá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún ẹni yín ní plasma, ẹ bi dókítà: ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ṣé ìwádìí ni? Ẹ má sanwó ẹ̀jẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìkọ̀kọ̀ o; èyí tí wọn ò yẹ̀ wò lè kó àrùn mìíràn ranni. Bí èdè bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá dání.