Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Ẹ̀kọ́ Ìfọ́lé Ọdún 1867

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nígbà ogun, ẹni tí ọwọ́ bá tó ni a sábà máa ń fi ìyà jẹ. Ohun tí ó dé bá àwọn Kristẹni Abẹ́òkúta ní ọdún 1867 fi èyí hàn, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì ni díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ogun ní Ìkòròdú

Nígbà ogun Ìjàyè (1860 sí 1865), àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ dí ọ̀nà tí Ìbàdàn ń gbà bá Èkó ṣòwò. Ọ̀nà náà gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, Ìkòròdú sì ni èbúté rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dó ti ìlú náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán àwọn ọmọ ogun lọ, wọ́n sì tú ibùdó àwọn Ẹ̀gbá ká. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Nígbà tí Glover tún fi ọlọ́pàá sórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn, ìbínú ru sókè.

Ta ni ó jìyà?

Ọwọ́ kò tó Glover ní Èkó. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó àti àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n gba ẹ̀sìn Kristẹni ni ọwọ́ tó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, a ti ilé ìjọsìn pa, a sì kó ilé míṣọ́n lẹ́rù. A ba ẹ̀rọ tí ń tẹ Ìwé Ìròyìn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859 ṣe dópin. A lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn ọmọ ìjọ kan sá lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́tta. Àwọn mìíràn dúró, ìjọ kò sì kú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo: ẹ̀dùn ọkàn àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba Èkó kì í ṣe lásán. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba ka orí àwọn tí ń gbàdúrà.

Ohun tí òfin sọ

Ìgbìmọ̀ Willink (1957 sí 1958) gbọ́ ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin. Lónìí, abala 38 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Ṣùgbọ́n abala 45 gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú, bí ìdí rẹ̀ bá tọ́ nínú ìjọba tiwa-n-tiwa. Ìgbà ìjà gan-an, nígbà náà, ni ó yẹ kí a ṣọ́ ọ jù.

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1943, bí ogun àgbáyé ti gbóná tó, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ọmọ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kí àsíá ní ilé ẹ̀kọ́.

Ojúṣe wa

Ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, Kristẹni, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí ìjà bá dé, kí àlùfáà àti ọmọ ìjọ kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó ṣẹ̀ gan-an? Bí ẹni tí a ń lé kò bá tilẹ̀ sin Ọlọ́run bí tiwa, Mátíù 7:12 ṣì dè wá. Àwa náà ti jẹ́ díẹ̀ rí.