Ìtọ́jú Irorẹ́ Nínú Ilé: Èyí Tó Lè Ṣàǹfààní àti Èyí Tó Ń Ba Awọ Jẹ́

Irorẹ́ kì í pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn nínú ilé. Ohun tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń nawọ́ sí: ọṣẹ ìfọyín, òroǹbó wẹ́wẹ́, iyọ̀, oyin, tàbí ìpara tí ọ̀rẹ́ kan júwe. Díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò léwu. Àwọn mìíràn a máa dá egbò sí awọ ara, bí egbò náà bá sì jinná lára aláwọ̀ dúdú, àpá dúdú ni ó sábà máa ń fi sílẹ̀. Irorẹ́ tí ìbá rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ a wá di àpá tí yóò wà lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló yẹ kí a bi nípa ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ ó ń wo irorẹ́ sàn? Kí ni yóò sì fi sílẹ̀ lójú?

Kí ló ń fa irorẹ́?

Inú awọ ni irorẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara a máa pèsè ọ̀rá sínú ihò irun kọ̀ọ̀kan kí awọ má baà gbẹ. Nígbà ìbàlágà, àwọn hòmóònù a mú kí ọ̀rá yìí pọ̀ sí i. Bí ó bá dàpọ̀ mọ́ awọ tó ti kú, ihò náà a dí. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé lára gbogbo ènìyàn a wá pọ̀ níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ a wú, a sì lè kún fún ọyún.

Irorẹ́ kì í ṣe àmì ọ̀bùn, kì í sì í ranni. Kò sí bí a ṣe lè fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ojú tó tí yóò fi dé ibi tí irorẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Híha bẹ́ẹ̀ ń dá kún wíwú rẹ̀ ni. Fífi ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó.

Àwọn ohun tí kò yẹ ní ojú

Òroǹbó wẹ́wẹ́: omi rẹ̀ kan púpọ̀ ju ohun tí awọ lè gbà lọ. Ó tún ní èròjà kan tó ń jó awọ bí oòrùn bá tàn sí i. Ẹni tó fi omi òroǹbó pa ojú lówùúrọ̀ tó sì jáde sínú oòrùn lè rí ìléròrò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kí àpá dúdú sì tẹ̀lé e.

Ọṣẹ ìfọyín: ó lè mú kí irorẹ́ gbẹ ní òru kan, ohun tó sì jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí eyín ni wọ́n ṣe é, awọ ojú kò sì le bí eyín. Ó lè ta ojú, kí ó sì bó o.

Iyọ̀ àti spírítì: iyọ̀ tí a fi ń ra ojú a máa ha awọ; spírítì a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi la.

Òróró àgbọn àti àdí: wọ́n lè dí ihò awọ. Ìpara irun náà a máa ṣàn wá sí iwájú orí, kí irorẹ́ sì yọ níbẹ̀.

Fífún irorẹ́ pẹ̀lú èékánná a máa ti ọyún wọ inú lọ, a sì máa fi àpá sílẹ̀.

Ọṣẹ dúdú, oyin àti efinrin

Eérú àti àdí ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ó ń fọ ọ̀rá kúrò lójú, ṣùgbọ́n agbára eérú inú rẹ̀ lè mú kí awọ gbẹ kí ó sì máa fà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó hó o sí ọwọ́, kí ó sì tètè ṣàn án kúrò.

Oyin kì í sábà ṣe ìpalára. Síbẹ̀, ìwádìí kan ní New Zealand tó jáde ní 2016, tí ènìyàn 136 kópa nínú rẹ̀, kò fi hàn pé àfikún oyin sórí ọṣẹ apakòkòrò sàn ju ọṣẹ náà nìkan lọ.

Ní ti efinrin, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dán epo rẹ̀ wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àbájáde tó jáde ní 2002 sì fúnni ní ìrètí. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n fà jáde, tí wọ́n wọn agbára rẹ̀, ni wọ́n lò. Ewé tí a fi ọwọ́ gún nílé kò ní òṣùwọ̀n, a kò sì lè retí ohun kan náà lára rẹ̀.

Ìpara tó ń tan ni jẹ

Èyí tó léwu jù ni ìpara tí wọ́n pò pọ̀ lọ́jà, tàbí ìpara ìbóra, tí sítẹ́róìdì wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wíwú a rọ, ojú a sì mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, irorẹ́ lè tú jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá sì ń lò ó nìṣó, awọ a máa fẹ́lẹ́. Àwọn kan nínú ìpara ìbóra tún ní mercury, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má ṣe ra ìpara tí a kò kọ èròjà rẹ̀ sára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Ìtọ́jú tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀

Benzoyl peroxide 2.5% tàbí 5% wà ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ fi díẹ̀ pa gbogbo ibi tí irorẹ́ ń yọ sí, ní alẹ́ kan yàtọ̀ sí alẹ́ kejì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣí aṣọ ìrọ̀rí. Adapalene 0.1% náà dára, ṣùgbọ́n kí aboyún má lò ó. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa ìtọ́jú tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò lò fúnra yín.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè gbogbo ohun tí aláìsàn ti fi pa ojú, láìdá a lẹ́bi. Ẹni tí ojú bá tì kò ní dárúkọ ìpara náà. Ẹ béèrè bóyá obìnrin lóyún tàbí ó ń retí oyún kí ẹ tó kọ oògùn, nítorí isotretinoin a máa sọ ọmọ inú di alábùkù ara, doxycycline kò sì yẹ aboyún. Bí nǹkan oṣù obìnrin kò bá bá àkókò mu, tí irun sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò hòmóònù.

Ẹ tètè darí aláìsàn sọ́dọ̀ dókítà awọ bí irorẹ́ bá le tó sì ń dùn nínú awọ, bí ó bá ń fi kòtò sílẹ̀, tàbí bí ọ̀sẹ̀ 12 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀. Ẹ tún béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí: ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ jáde mọ́ nítorí ojú rẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́, bí irorẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Ohunkóhun tó bá ń jó ojú kò wo ojú sàn. Ẹ fi omi tútù ṣàn án kúrò, ẹ dá a dúró, ẹ yẹra fún oòrùn, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn bí ojú bá lé ròrò tàbí tó bá wú.