Níbo Ni Fóònù Tó Ti Kú Ń Lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀, kí ẹ lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Kí lẹ rí níbẹ̀? Bí ilé yín bá jọ ilé tèmi, ẹ ó rí fóònù méjì tàbí mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣájà tó ti já, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí kò sí nílé mọ́, àti bátìrì kan tó ti wú bí àkàrà. A kì í lò wọ́n, a kì í sì jù wọ́n nù. Ohun tí a máa ń sọ ni pé, “Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó lè wúlò lọ́jọ́ kan.”

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bá màámi palẹ̀ ilé wọn mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà níbẹ̀, irú ti àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbọ̀ngbọ̀n bí àpótí. Bí a ṣe ń rò ó bí a ó ṣe gbé e jù nù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, ó ń pariwo, “Kọ́ńdẹ́mù! Kọ́ńdẹ́mù!” Màámi pè é. Wọ́n dúnàá dúrà, ó sanwó, ó gbé e lọ. Inú gbogbo wa dùn pé àyè ti gbà wá.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mo gba ẹ̀yìn ọjà àdúgbò wọn kọjá. Èéfín dúdú ni mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, àwọn ọmọdé mẹ́rin ló yí iná kan ká, wọ́n ń fi igi yí ìdì wáyà tó ń jó. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni èèpo tẹlifíṣọ̀n kan wà, dígí rẹ̀ ti fọ́ kúlúkúlú sínú ẹrẹ̀. Mi ò lè búra pé ti màámi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé kì í ṣe òun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè pé: nígbà tí ẹ̀rọ wa bá kú, ta ló ń sin ín?

Oró wà nínú rẹ̀, wúrà náà wà nínú rẹ̀

Kí ló dé tí wọ́n ń sun wáyà? Nítorí bàbà ni. Iná yóò jó rọ́bà ara rẹ̀ tán, bàbà yóò ṣẹ́kù, bàbà sì ń pa owó. Ṣùgbọ́n èéfín rọ́bà yẹn ní àwọn kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ nínú. Nínú dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òjé wà níbẹ̀, ó lè ju kìlógíráàmù kan lọ nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Òjé tún wà lára ohun tí wọ́n fi jó àwọn irin wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rédíò àti kọ̀ǹpútà àtijọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá wà lódindi, oró yìí wà ní títì pa. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ́ ọ tàbí tí wọ́n sun ún ló ń jáde sínú ilẹ̀, sínú omi, àti sínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí òjé pa àwọn ọmọ tó lé ní 400. Kì í ṣe ẹ̀rọ àlòkù ló fa tiwọn o; òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé láti wá góòlù ni. Ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ohun iyebíye kún inú ẹ̀rọ kan náà yìí. Láàárín ọdún 2017 sí 2019, àwọn ará Japan kó fóònù àlòkù tó lé ní mílíọ̀nù 6 jọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79,000 tọ́ọ̀nù. Wúrà kìlógíráàmù 32, fàdákà 3,500 àti idẹ 2,200 ni wọ́n yọ nínú wọn. Òun ni wọ́n fi rọ mẹ́dà bíi 5,000 tí wọ́n fún àwọn tó gbégbá orókè níbi ìdíje Òlíńpíìkì àti Paralíńpíìkì ti Tokyo. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń sun lẹ́yìn ọjà wa, mẹ́dà ni fún ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, gbogbo ayé ló jẹ gbèsè níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2022 nìkan, mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù pàǹtí ẹ̀rọ ni aráyé kó jọ. Èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n tún lò bó ṣe yẹ kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Bí àwọn mìíràn ṣe ń dá a padà

Ní Japan, láti ọdún 2003, ilé iṣẹ́ tó bá ṣe kọ̀ǹpútà ilé ló gbọ́dọ̀ gbà á padà. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ní àmì àtúnlò lára, o ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, wọn ó fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ yóò di ẹ̀rọ náà sínú páálí, wàá lẹ ìwé náà mọ́ ọn, wàá sì gbé e fún ilé ìfìwéránṣẹ́. O kò ní san kọ́bọ̀. Ní Amẹ́ríkà náà, ilé iṣẹ́ bíi HP ti ń gba àpótí yíǹkì ìtẹ̀wé padà láti ọdún 1991, Apple àti Dell sì ní ètò tiwọn tí oníbàárà lè fi dá ẹ̀rọ padà. Ní Switzerland, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun ń san owó díẹ̀ lé e ní ṣọ́ọ̀bù. Owó yẹn ni wọ́n fi ń tú u palẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè gbé àlòkù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀: wọ́n ti san owó ìsìnkú ẹ̀rọ náà kó tó kú. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ́ ju tiwa lọ. Ètò ló mú un rọrùn fún wọn.

Tiwa ńkọ́?

Òfin wà ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí wọ́n kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko lọ́dún 1988 ni ojú ìjọba ti là sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọdún 2011, àjọ NESREA tó ń mú òfin àyíká ṣẹ gbé ìlànà jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo iná. Ìlànà náà sọ pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí tó kó o wọlé ló ni ojúṣe rẹ̀ títí dé òpin. Ní ọdún 2018, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kóra jọ dá EPRON sílẹ̀, kí wọ́n lè máa dá owó jọ fún kíkó àti títú àwọn àlòkù palẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tú u palẹ̀ náà wà, bíi Hinckley àti E-Terra nílùú Èkó. Gáńà ṣe òfin tiwọn lọ́dún 2016.

Kí ló wá ń dí wa lọ́wọ́? Àkọ́kọ́ ni tòkúnbọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó lọ́dún 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, inú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ sí. Èyí tó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹni tó lo fíríìjì kan fún ọdún mẹ́wàá ní ìlú òyìnbó ti san owó ìsìnkú rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni òkú náà wá sùn sí. Owó náà kò bá a wá.

Èkejì ni pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó wà ní Gúsáú tàbí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ kò ní wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó nítorí fóònù kan tó ti kú. Ẹ̀kẹta, oníkọ́ńdẹ́mù ń sanwó lójú ẹsẹ̀, ó sì ń wá sí ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ má ṣe bú u o. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó pàǹtí ẹ̀rọ wa jù, bí kò bá sí wọn, ojú gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ìbá wà. Kò burú tó bá ń kó o. Sísun ló burú. Ètò tó bá máa yọrí sí rere níhìn-ín gbọ́dọ̀ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi, ní iye tó ju èyí tí bàbà inú rẹ̀ yóò mú wá lọ.

Ohun tí a lè ṣe láti ilé

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe. Láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé Farm Centre ní Kánò, a ní àwọn ọ̀dọ́ tó lè jí òkú fóònù dìde. Èyí tí a tún ṣe kò tíì di pàǹtí.

Ẹ nù ún mọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Àǹtí mi kan ta fóònù rẹ̀ láì pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti ń fi orúkọ wọn yá owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ. Ẹ yọ síìmù àti káàdì, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Google tàbí Apple yín, kí ẹ sì dá fóònù náà padà sí bó ṣe wà ní tuntun.

Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì tó ti wú. Ẹ má gún un, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ẹ gbé e sínú iyanrìn, níta, níbi tí ohun tó lè gbiná kò sí. Ẹ má ṣe fi rán awakọ̀ tàbí kí ẹ dì í mọ́ ẹrù, torí ó lè gbiná lójú ọ̀nà.

Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra ẹ̀rọ tuntun: “Ṣé ẹ máa gba ti àtijọ́ padà?” Bí ọ̀pọ̀ wa bá ń béèrè, wọn ó mọ̀ pé oníbàárà ń wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun ń kó o fún àtúnlò, ẹ bi í pé ta ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ẹ kó o jọ pọ̀. Fóònù kan kò lè pe ọkọ̀ wá láti Èkó, ṣùgbọ́n àpótí mẹ́wàá láti ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò lè pè é.

Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn. Èmi àti àwọn aládùúgbò mẹ́fà kó ti wa jọ sínú páálí kan, a sì gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tú. Nígbà tí mo dé ilé, màámi bi mí pé, “Èló ni wọ́n fún ọ?”

Mo ní, “Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀, mà.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ò ní sun ún?”

“Wọn ò ní sun ún, mà.”

“Ó tán nìyẹn,” ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú fóònù méjì mìíràn jáde tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní.