Báwo ni ẹ̀ẹ́kù ike ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe lè di títì ọlọ́dà?

Ike polypropylene ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe bọ́ńpà ọkọ̀. Ẹ̀ẹ́kù rẹ̀ nílé iṣẹ́ kò dà bí ike orí ààtàn, nítorí pé wọ́n mọ irú ike tó jẹ́ kí wọ́n tó kó o dànù. Ohun tí ẹni tó fẹ́ fi ike ṣe títì nílò jù nìyẹn.

Ní ìlú Madurai lórílẹ̀-èdè Íńdíà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rajagopalan Vasudevan, tí ìjọba fi oyè Padma Shri dá lọ́lá lọ́dún 2018, gbé ìlànà kan jáde. Wọ́n á gé ike wẹ́wẹ́, wọ́n á wọ́n ọn sórí òkúta tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 170 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ike á yọ́, á bo òkúta bí ẹ̀wù, kí wọ́n tó da ọ̀dà dúdú sí i. Ọ̀dà máa ń lẹ̀ mọ́ ike ju òkúta lásán lọ, omi òjò kì í sì tètè ráyè wọ àárín wọn. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń dá kòtò sílẹ̀ lójú títì.

Kì í ṣe gbogbo ike ló bá iṣẹ́ yìí mu. PVC, tó wà lára wáyà ọkọ̀, ń tú gáàsì tó ń ta ojú àti ọ̀fun jáde bó bá gbóná jù, àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló sì máa kọ́kọ́ fà á símú. Nítorí náà, ike inú ọkọ̀ àlòkù, tí oríṣiríṣi ti dàpọ̀, léwu ju ẹ̀ẹ́kù ilé iṣẹ́ lọ. Bí táyà sì ṣe ń họ títì, ìrúnrún ike lè bá àgbàrá wọ odò.